Wọ́n Ní Ká Fò Sílẹ̀, Ẹsẹ̀ Mi Ṣẹ́: Ta Ló Máa San Án?

Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ bàlúù pọ̀ ju ti ilẹ̀ àti ogún lọ lóṣù yìí, mo sì rò pé mo mọ ohun tó fà á, fídíò àwọn èèyàn tó ń yọ̀ sílẹ̀ lórí rọ́bà tí èéfín sì ń tẹ̀lé wọn ti kún orí fóònù gbogbo wa. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Mo yọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé dárúkọ kúrò, nítorí ẹ̀sùn yín ò tíì dé iwájú adájọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà wa. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Houston, òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ fún mi láti ọ̀hún kí n wá bá a tọ́jú ọmọ. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Atlanta, mo wọ bàlúù kejì, kò tíì gbéra nílẹ̀ tí èéfín fi gba inú ẹ̀ kan, làwọn òṣìṣẹ́ bá ń pariwo pé ẹ jáde ẹ jáde, wọ́n ti tú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní síláìdì sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn tì mí, mo fi ọrùn ẹsẹ̀ balẹ̀, ó ṣẹ́. Wọ́n fi símẹ́ńtì dì í fún mi ní ọsibítù wọn. Nígbà tí mo padà sílé mo lọ bá baba kan tó ń to eegun, àmọ́ ó ṣì ń wú tí mo bá ti dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì báyìí. Ilé iṣẹ́ bàlúù kọ ímeèlì sí ọmọ mi pé àwọn máa fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kan àti owó díẹ̀, kí n ṣáà ti buwọ́ lùwé. Àna mi ní bàlúù abẹ́lé Amẹ́ríkà ni, pé òfin Texas ló kàn án. Pásítọ̀ wa ní kí n lọ ṣe ìdúpẹ́. Èwo ni kí n gbà? — *Màmá Ìbejì, Bódìjà, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ewu o. Ẹ ṣe ìdúpẹ́ yín dáadáa, ẹ se ìrẹsì, ẹ pe gbogbo ẹbí, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má bèèrè ẹ̀tọ́ yín. Àìmọye èèyàn wa ló ti fi "ṣebí mo ṣì wà láàyè" sọ owó ìtọ́jú ara wọn nù, ilé iṣẹ́ bàlúù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ àna yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ so kọ́. Òótọ́ ni pé Atlanta sí Houston ò jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín lòfin ń wò, kì í wo ibi tí bàlúù kan ṣoṣo ń lọ. Tó bá jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé yín láti Èkó dé Houston, ìrìn àjò ilẹ̀ òkèèrè kan ṣoṣo ni lójú òfin, apá kejì ẹ̀ nìyẹn, ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó tó jẹ́ pé Atlanta ló ti wọlé, tó ń lọ bá ìyàwó ẹ̀ ní Houston, òfin ìpínlẹ̀ ni tiẹ̀, tiyín sì wà lábẹ́ Àdéhùn Montreal, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn àjò bàlúù láti ilẹ̀ kan sí òmíì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 1999, tí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà jọ wà nínú ẹ̀. Ìjókòó kan náà, èéfín kan náà, òfin méjì. Kódà tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ra tíkẹ́ẹ̀tì apá kejì yẹn lọ́tọ̀, kò tíì parí, tí gbogbo yín bá kà á sí ìrìn àjò kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ a ṣì lè jà á. Torí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ yín ni kó wá ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn jáde nínú ímeèlì rẹ̀.

Kí wá ni Montreal ṣe fún yín? Ẹ ò ní láti fi hàn pé ilé iṣẹ́ bàlúù jẹ̀bi. Ẹ̀yin ṣáà fi hàn pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ nínú bàlúù tàbí nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé tàbí tẹ́ ẹ ń jáde, àti pé òun ló pa yín lára. Títí dé iye kan, wọn ò lè sọ pé àwọn ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Iye yẹn, wọ́n fi owó SDR ṣírò ẹ̀, owó ìṣírò àjọ IMF ni, láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024 ó di 151,880 SDR, ó lé ní 200,000 dọ́là, 128,821 ló wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ la fi ń mọ èyí tó kan èèyàn. Tí ohun tẹ́ ẹ pàdánù bá kọjá ibẹ̀, wọ́n lè jà fún ìyókù, kí wọ́n fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà àwọn tàbí pé ẹlòmíì pátápátá ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé wọ́n máa ka 200,000 sí yín lọ́wọ́! Ohun tẹ́ ẹ bá fi hàn pé ẹ pàdánù ni wọ́n máa san. Owó ìjìyà tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà máa ń bù lé oníjẹ̀bi lórí láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n, Montreal ò fàyè gba ìyẹn rárá.

Wọ́n lè fẹ́ ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tó ń jẹ́ ìjàǹbá. Obìnrin kan wọ bàlúù Air France láti Paris lọ Los Angeles ní 1980, etí rẹ̀ kan di, ó pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1985 pé bàlúù yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń sọ̀ ni, nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ tàbí nǹkan tó ṣàjèjì tó wá láti ìta ara èrò ọkọ̀ nìkan ló ń jẹ́ ìjàǹbá. Tiyín ò sí nínú ìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ní èéfín nínú bàlúù àti fífi ìdí wọ́ sílẹ̀ lórí rọ́bà jẹ́ nǹkan ojoojúmọ́.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni oṣù mẹ́rìnlá. Ọdún méjì ni Montreal fúnni láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ tàbí ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ dé. Ọdún méjì yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin míì lè ṣàánú ẹni tó wà lórí ibùsùn tàbí ẹni tí wọ́n ń bá dúnàádúrà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí, àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kà á sí pé tó bá ti kọjá, ẹ̀tọ́ yẹn ti kú, ó tán. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń kọ ímeèlì aládùn sí lóṣooṣù, "à ń wò ó, ẹ ní sùúrù", títí ọdún kejì fi pé, lẹ́yìn náà wọn ò dáhùn mọ́. Ímeèlì kì í ṣe ẹjọ́. Lẹ́tà lọ́yà pàápàá kì í ṣe ẹjọ́. Kí wọ́n gbé ìwé wọ kóòtù.

Kóòtù wo? Níbí gan-an lẹ ti ṣorí ire, torí ọ̀nà yín ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí ilé iṣẹ́ bàlúù fìdí kalẹ̀ sí, ẹ lè pè é níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti bá yín ṣe àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn náà wà, ọmọ yín sì sọ pé Houston lòun ti rà á. Ibi tí ìrìn àjò parí sí, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ sì ni tiyín, Èkó ni ó parí sí lójú òfin, kì í ṣe Houston. Àti ibi tẹ́ ẹ fi ṣe ilé, tí ilé iṣẹ́ yẹn bá ń fò débẹ̀. Ìyẹn ni pé Nàìjíríà ṣí sílẹ̀ fún yín, ó sì ṣeé ṣe kí Amẹ́ríkà náà ṣí. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, èmi máa ní kẹ́ ẹ lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ má bínú. Owó tí wọ́n ń gé fún ìrora àti ìyà ẹsẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún ju tibí lọ, lọ́yà wọn kì í sì í sábà gba kọ́bọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń mú bí ìdá kan nínú mẹ́ta nínú ohun tó bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wá ẹni tó mọ ẹjọ́ bàlúù, kì í ṣe ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé ìgbélùú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún sọ fún un kó wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì tàbí síláìdì yẹn gan-an ló níṣòro, torí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ò sí lábẹ́ ààbò Montreal, ẹ lè pe òun náà lọ́tọ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ní Chicago lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá 2016, àwo irin kan já nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀tún Boeing 767 ti American Airlines, General Electric ló ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó fara pa gan-an nínú ẹ̀, kì í ṣe iná ló ṣe é, ẹ́ńjìnnì òsì tí wọn ò tíì pa ló fẹ́ atẹ́gùn gbé e ṣubú nígbà tó ń jáde.

Ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ buwọ́ lù wá ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kà á délẹ̀, tí ibì kan bá wà níbẹ̀ tó ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, pé ẹ ò tún ní bèèrè nǹkan kan mọ́ láé, ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ ti ta ẹsẹ̀ yín. Owó tó dáa wà o. Nígbà tí bàlúù tó ń fò lórúkọ ilé iṣẹ́ Delta dojú dé ní Toronto lọ́jọ́ 17 oṣù kejì 2025, èèyàn 80 ló wà nínú ẹ̀ tí gbogbo wọn sì jáde láàyè, Delta ní àwọn máa fún èrò kọ̀ọ̀kan ní 30,000 dọ́là, pé kò sí ìdè kankan nídìí ẹ̀, ẹni tó bá gbà á ṣì lè pe ẹjọ́. Irú ìyẹn, ẹ gbà á kíá. Lọ́wọ́ kan náà ẹ mọ̀ pé òfin Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí lọ́yà tàbí ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn wá bá ẹni tó fara pa sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ láìpè kí ọjọ́ 45 tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá, torí náà ẹni tó bá sáré wá bá èèyàn lórí ibùsùn ọsibítù, ẹ sá fún un.

Baba tó to eegun yín, mi ò bá a jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́. Àmọ́ baba ò ní ẹ́síréè, adájọ́ sì fẹ́ rí ìwé. Ẹ lọ UCH lọ́sẹ̀ yìí, kí dókítà eegun wò ó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó kọ bóyá ó máa bá yín kalẹ́. Ẹ bèèrè ìwé ọsibítù Atlanta. Àti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ní ìwé ọjà àbí? Oṣù tẹ́ ẹ ò fi lè ṣí i, ọmọ tẹ́ ẹ gbà pé kó bá yín dúró tẹ́ ẹ ń sanwó fún, gbogbo ẹ̀ lowó. Àwọn ìyá wa máa ń ní "ọjà kékeré ni mò ń tà". Ẹ kọ ọjà kékeré yẹn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Lọ́yà, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn. Èmi ò fara pa o, àfi ìgbọ̀nwọ́ mi tó bó díẹ̀. Láti London ni mo ń lọ Madrid, ẹ́ńjìnnì bú gbàù lórí ìlà ìsáré, wọ́n lé wa jáde lórí síláìdì. Láti ọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn, inú ń ta mí, mi ò lè wọ bàlúù mọ́ débi pé iṣẹ́ mi tó ní ìrìn àjò nínú ti fẹ́ bọ́. Dókítà ní PTSD ni, àìsàn ọkàn tí ìpayà ńlá máa ń fà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù lásán ni. Ṣé ẹ̀rù ní owó? — *Ẹni Tí Kò Sùn, Peckham*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ó sinmi lórí ilẹ̀ tó o bá dúró lé.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rù nìkan ò ní owó. Ní 1983 bàlúù Eastern Airlines kan gbéra ní Miami tó ń lọ Bahamas, ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú, wọ́n sọ fáwọn èrò pé inú òkun làwọn ń bọ̀, kí páílọ́ọ̀tì tó rí ọ̀kan tan padà tó sì gbé e balẹ̀ ní Miami. Àwọn èrò pe ẹjọ́ torí ìpayà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1991 ní rárá, tí ara ò bá ti fara pa, kò sí nǹkan kan. Àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2002, nínú ẹjọ́ méjì tí wọ́n gbọ́ pọ̀, ọ̀kan ti KLM, èkejì ti hẹlikọ́pítà Bristow tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ní Òkun Àríwá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan, ọkùnrin inú hẹlikọ́pítà yẹn, ìpayà yẹn dá ọgbẹ́ inú sí i lára, wọ́n ní ọgbẹ́ inú, ara nìyẹn. O kọ̀wé sí mi pé inú ń ta ọ́. Ṣé o ti sọ fún dókítà? Kó yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá rí ọgbẹ́ inú kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Má sì fojú kékeré wo ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n pe Etihad ní 2017 pé tí ara bá ti fara pa, bó ti wù kó kéré, èèyàn lè gba owó ìpayà mọ́ ọn.

Ibi tó dáa jù fún ọ ni Yúróòpù. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta 2019, bàlúù Laudamotion kan fẹ́ gbéra ní Stansted lọ Vienna, ẹ́ńjìnnì òsì bú, wọ́n lé àwọn èèyàn jáde, obìnrin kan gba ilẹ̀kùn pàjáwìrì jáde, atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbé e fò ní mítà mélòó kan. (Ẹ rántí Chicago lókè. Ẹ́ńjìnnì tí kò bà jẹ́ náà lè pa èèyàn lára lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.) Dókítà ní PTSD ló kù sí i lára. Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù ní oṣù kẹwàá 2022 dá a láre: ìpalára ọkàn tó bá le débi pé ó ba ìlera èèyàn jẹ́ tí kò sì lè lọ láìjẹ́ pé dókítà tọ́jú ẹ̀, owó wà fún un, bí ara ò tiẹ̀ bó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde kúrò ní Yúróòpù, ìdájọ́ 2022 yẹn ò de adájọ́ London. Torí náà wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Tó bá jẹ́ àlọ nìkan lo rà, Madrid ni ìrìn àjò parí sí, o lè pè wọ́n ní Spain. Tó bá jẹ́ àlọ àtàbọ̀, London ni, àfi tí ilé iṣẹ́ bàlúù náà bá fìdí kalẹ̀ sí Yúróòpù, kó o lọ pè é nílé ẹ̀. Má kàn lọ sílé ẹjọ́ tó súnmọ́ ilé ẹ torí bọ́ọ̀sì kan ló dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, má dá wọn lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ Àbújá sí Èkó ńkọ́? Bàlúù wa sáré kọjá ìlà ìsáré wọ inú koríko, a fò sílẹ̀, ọwọ́ mi yẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá NCAA. — *T., Ọ̀tà*

ÌDÁHÙN: NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàlúù ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ gbọ́, kọ̀wé sí wọn, àmọ́ NCAA kì í ṣe kóòtù. Àjọ NSIB tó ń wádìí ìjàǹbá náà kì í gba owó fúnni, ohun tí wọ́n ń wá ni kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ bàlúù ń lọ, ọdún méjì kan náà ló sì ní. Òfin bàlúù wa ti 2006 ló gbé Àdéhùn Montreal wọlé, tó tún ṣe tiẹ̀ fún ìrìn àjò abẹ́lé, 100,000 dọ́là ni gbèdéke ibẹ̀ nígbà náà, ó tún ní kí ilé iṣẹ́ bàlúù san ó kéré tán 30,000 dọ́là ṣíwájú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fún ẹni tó bá fara pa tàbí ẹbí ẹni tó kú. Wọ́n ti fi òfin tuntun rọ́pò òfin yẹn ní 2022, kí lọ́yà rẹ fi ìwé tuntun ṣiṣẹ́. Kọ lẹ́tà béèrè owó àsanṣíwájú yẹn lọ́la, má dúró kí wọ́n wá ọ wá.

Mi ò ní tàn ẹ́, ó lè pẹ́. Ní oṣù kẹfà 1995 Tupolev ilé iṣẹ́ Harka Air tó ń bọ̀ láti Kàdúná sáré kọjá ìlà ní Ìkẹjà, èèyàn 16 kú. Ẹnì kan tó yè é pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a láre ní 2011. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ sanwó tó mọ́gbọ́n dání kíá, ká jókòó gbọ́ iye tó jẹ́ ká tó sọ pé àfi kóòtù.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin kan gbé àpótí ẹ̀ bọ́ sórí síláìdì, ó kọ lù mí lẹ́yìn. Ṣé mo lè mú un? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà gbé báàgì mi. — *Arẹwà, Baltimore*

ÌDÁHÙN: O lè mú un, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ bàlúù ni kó o kọ́kọ́ kọjú sí, òun ló ní ìnṣọ́ránsì. Báàgì tìẹ ló máa dá wàhálà sílẹ̀, torí Montreal gbà kí wọ́n gé owó ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ dá kún ìpalára ara ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bàlúù sì ti pariwo pé ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Wọ́n máa bi ọ́ bóyá báàgì yẹn ni ò jẹ́ kó o kúrò nísàlẹ̀ síláìdì kíá. Bí fídíò bá wà tó fi hàn pé o ti dìde kí àpótí ẹ̀ tó dé, fi pamọ́ síbi tí kò ti ní nù.

Ìdajì ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń dán bàlúù ńlá wò kí wọ́n tó gbà kó fò, kí gbogbo èrò jáde láàárín ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé àpótí jáde nínú ìdánwò yẹn. Ní pápákọ̀ òfurufú Haneda ní Japan lọ́jọ́ 2 oṣù kìíní 2024, bàlúù Japan Airlines jó kanlẹ̀, gbogbo èèyàn 379 inú ẹ̀ jáde láàyè, fídíò fi hàn pé púpọ̀ wọn ò mú nǹkan kan dání. Páàsì àti oògùn, inú àpò aṣọ ni kó o fi wọ́n sí nígbà tó o bá ti jókòó, ìyókù kí iná jẹ ẹ́, kó o wá béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.